Iná Tí Kò Dun Ọ̀gá Mi

Bí ẹ bá rí alásè tí apá rẹ̀ ń dán gbinrin láìní àpá iná kan ṣoṣo, ẹ tún inú rò kí ẹ tó gbé ìnáwó yín lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àwàdà ni o, ṣùgbọ́n àwàdà àgbà kì í ṣàì ní òótọ́ nínú. Èmi Sàbítíyù, ọmọ Ìgbògbò, apá tèmi kún fún àpá kéékèèké, mo sì mọ ìkòkò tó fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ààrò kì í rí mi mọ́ àfi bí mo bá fẹ́ yáná láàárọ̀ ọjọ́ òjò.

Àwọn ọmọ tó ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ máa ń wá jókòó tì mí. Wọ́n á ní, "Màmá, ṣé èèyàn lè fi iṣẹ́ àsè jẹun?" Èmi á rẹ́rìn-ín. Bí ẹni tó ń se oúnjẹ kò bá rí jẹ, ta ni yóò wá rí jẹ? Nítorí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n sọ bí iṣẹ́ náà ti rí, àti adùn rẹ̀ àti iná rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, kí ẹ tó pinnu.

Alásè kì í ṣe ẹni tó ń ta oúnjẹ lójú ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè ni, bí ọmọ bá ka Kùránì já tí wọ́n fẹ́ ṣe wòlímọ̀ fún un, bí wọ́n bá fẹ́ sọmọ lórúkọ, bí ìyàwó bá ń wọlé ọkọ. A ó kó ìkòkò àti orógùn wa, a ó wọ ọkọ̀, a ó lọ gúnlẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ẹni tó ni ìnáwó, a ó sì se oúnjẹ fún gbogbo àdúgbò. Bí àlejò bá ń jó níwájú ilé, àwa ń làágùn lẹ́yìn ilé. Bí wọ́n bá sì dákẹ́ lójijì nítorí pé ẹnu wọn ti kún, ìyẹn ni orin tiwa.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ kò gùn láti sọ. Ìyá mi máa ń lọ ra ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ó sì ń tà á ní Ìkòròdú. Ibẹ̀ ló ti mọ Ìyá Ràfíátù, alásè tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo etí ọ̀sà. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi mú mi dání, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọbìnrin yìí ò jẹ́ kí ìkòkò sinmi nílé. Gbogbo ọmọrí ló ń ṣí wò. Mo ní kí ẹ kúkú bá mi sọ ọ́ di iṣẹ́." Ìyá Ràfíátù wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ṣé kì í sùn bí iná bá ń jó?" Ìyá mi ní rárá. Ọ̀rọ̀ parí. Àwọn òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà náà, ariwo òmìnira sì ti ń gbalẹ̀ ní Èkó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ìyá Ràfíátù ti rí. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ga, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ó ní ẹ̀gbà bàbà kan lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún tó máa ń dún bó bá ń ro ìkòkò, tó fi jẹ́ pé bí a bá ti gbọ́ ọ lókèèrè, olúkúlùkù á dìde lórí àpótí. Òun ni kò gbà pé iṣẹ́ àsè bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìkòkò. Ó ní ìdí igi ló ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé, igi ni mo ń là: èyí tó máa ń jó kíákíá, èyí tó máa ń lọ́ra, èyí tó ń rú èéfín sínú ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ mi ní òkúta ààrò, bí a ṣe ń tò ó tí ìkòkò kò fi ní mì. Ìgbà tó yá, ó jẹ́ kí n ṣa ìrẹsì. Èmi ti rò pé ọjọ́ kejì tí mo dé ni n ó máa tọ́ ọbẹ̀ wò!

Òfin rẹ̀ pọ̀. A kò gbọ́dọ̀ sáré nídìí ààrò. A kò gbọ́dọ̀ wọ bùbá tí apá rẹ̀ ń fì. Ọmọ kékeré kò gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí a to igi sí. Bí o bá gbé ohun tó gbóná, o gbọ́dọ̀ pariwo, "Ó gbóná o! Ó gbóná ń bọ̀!" kódà bí kò bá sí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Múìbátù, tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá, ta ni kí n máa pariwo sí nígbà tí mo dá wà?"

Ìyá Ràfíátù ní, "Pariwo sí ara rẹ. Ìwọ gan-an ni mo ń bẹ̀rù."

Mo bu iyọ̀ sínú ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, mo ti gbàgbé pé mo ti kọ́kọ́ bù ú. Kò nà mí. Ó bu ọbẹ̀ náà sínú àwo, ó gbé ẹ̀bà tì í, ó jókòó síwájú mi, ó ní kí n jẹun. Mo jẹ, mo mu omi. Mo jẹ, mo mu omi. Ìgbà tí inú mi kún fún omi bí àmù, ó bú sẹ́rìn-ín, òun náà tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó jẹ òkèlè kan, ó sì sáré wá omi tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, iyọ̀ kò tún ṣì mí lọ́wọ́ mọ́.

Ní ti iná, a kò kà á sí nǹkan. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ṣí ọmọrí ìkòkò ìrẹsì sí ara mi dípò kí n ṣí i sí ẹ̀gbẹ́, ooru rẹ̀ sì fẹ́ sí mi lọ́rùn ọwọ́. Mo fò sókè. Ìyá Ràfíátù fi epo pupa pa á fún mi, ó ní, "Iná kí ọ káàbọ̀ ni. O ti di ara ilé." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n nígbà náà. Epo pupa, àdín, ẹyin tútù, iyọ̀: ohun tó bá ti wà nítòsí la ń fi sí i. Èyí tó kí mi yẹn kéré, ó pọ́n díẹ̀, ó sì lọ fúnra rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe rò pé epo pupa ló wò ó.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká lọ sí Agbówà.

Bàbá kan níbẹ̀ fẹ́ ṣe wòlímọ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀. Kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà kí wọ́n ná owó bẹ́ẹ̀ lórí ọmọbìnrin tó ka Kùránì, inú bàbá náà sì dùn débi pé gbogbo ìlú ló pè. A gba ojú omi lọ láti Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ìkòkò wa. Àwọn ọ̀dọ́ ilé náà ti ṣe gudugudu méje, wọ́n ti bá wa wá òkúta ààrò láti etí omi. Òkúta tó dára ni lójú. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé omi ṣì wà nínú ọ̀kan.

A dá iná. A gbé ìkòkò irin ńlá kaná, a da òróró sí i, Ìyá Ràfíátù sì bẹ̀rẹ̀ sí í din ẹja. Múìbátù jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń họ ìpẹ́ ẹja. Èmi ń ṣa ìrẹsì, mo ń kọrin. Ojú ọjọ́ dára. Ọmọ oníwòlímọ̀ gan-an wá yọjú sí wa, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó ń ta sánsán. Ìyá Ràfíátù ní, "Padà sẹ́yìn igi, ìyàwó mi. Bí òróró bá ta sí aṣọ rẹ, wọ́n á ní èmi ni." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó padà.

Àfi gbàmù! Òkúta yẹn bú lábẹ́ ìkòkò.

Ìkòkò òróró fì sí apá ibi tí Múìbátù jókòó sí. Ìyá Ràfíátù kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó fi ti ìkòkò náà padà sórí òkúta méjì tó kù. Ìkòkò dúró, ó gbára lé méjèèjì. Ṣùgbọ́n òróró tó ta jáde ti gba ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá títí dé ọrùn ọwọ́. Èyí tó dà sílẹ̀ bọ́ sínú iná, iná sì ga sókè bí ẹni ń pè é.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ gbé garawa omi. Ìyá Ràfíátù ké mọ́ ọn, "Má da omi sí epo! Yẹ̀pẹ̀! Ẹ da yẹ̀pẹ̀ sí i!" Bí iná ti jó o lọ́wọ́ tó yẹn, iṣẹ́ ló ṣì ń wò. Èmi fi ọmọrí dé ìkòkò, àwọn yòókù da yẹ̀pẹ̀ sórí iná ilẹ̀, ó kú. Múìbátù ò gbọgbẹ́ rárá. Ìpẹ́ ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí a tó mí, àwọn ìyá àdúgbò ti dé. Ẹnì kan gbé ẹyin wá, ẹnì kan gbé àdín, ẹnì kan ní iyọ̀ ni kí a rẹ́ sí i. Èmi kò mọ ìwé ìṣègùn. Ohun tí mo rò kò ju pé ohun tó gbóná, omi tútù ní í pa á. Mo fa ọ̀gá mi lọ sídìí kànga, mo ń fa omi, mo ń rọra dà á sí i lọ́wọ́, mo ń fa òmíràn. Ẹ̀gbà bàbà rẹ̀ gbóná. Mo fi omi tù ú, mo sì bọ́ ọ kúrò kí ọwọ́ náà tó wú. Ká ní mo pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ayùn irin la ì bá fi gé e.

Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ pọ́n, ó ń lé ròrò, ìyẹn sì ń ta á gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọwọ́, níbi tí òróró ti dúró sí, ó funfun bí ẹja tí a bọ̀. Ìyá Ràfíátù tẹ ibẹ̀ wò fúnra rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ wò ó, kò dùn mí. Ẹ má pariwo lé mi lórí. Sàbítíyù, lọ tún ààrò tò."

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ sí dìsípẹ́ńsárì."

"Nítorí kí ni? Nítorí ohun tí kò dùn mí? Kí wòlímọ̀ ọmọ ọlọ́mọ wá bàjẹ́ lórí mi?"

"Ìyá, àwọn àlejò á dúró. Mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ yín á dúró."

Ó wò mí. Ẹnikẹ́ni kì í dá Ìyá Ràfíátù lóhùn bẹ́ẹ̀. Mo rò pé yóò fi ọwọ́ kejì gbá mi létí. Ibi tí a wà nìyí tí bàbá oníwòlímọ̀ fi dé láti iwájú ilé. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú obìnrin náà. Ó rọra sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá Ràfíátù, ọmọ mi ni mo fẹ́ fi oúnjẹ yìí yẹ́ sí. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín la ó fi rọ́pò rẹ̀, èmi ò ní jẹ ẹ́, ọmọ mi ò sì ní jẹ ẹ́. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Kò sí alásè tó lè fara da kí wọ́n ní àwọn ò ní jẹ oúnjẹ rẹ̀. Ó dìde.

Ẹni tó wà ní dìsípẹ́ńsárì jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tó fẹ́ràn àwàdà, gbogbo Agbówà ló mọ̀ ọ́n. Ó kí wa, ó ní òun ti ń gbọ́ òórùn ẹja láti àárọ̀, òun sì ti ń retí kí wọ́n wá pe òun. Ìyá Ràfíátù rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ọkùnrin náà mú abẹ́rẹ́ tí a ti sè, ó rọra fi kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi ké, "Yéè!" Ó fi kan ẹ̀yìn ọwọ́, ibi funfun yẹn. Ìyá Ràfíátù kò ṣe bí ẹni pé wọ́n kàn án.

Ó ní, "Ṣé mo sọ fún yín? Kò dùn mí."

Ọkùnrin náà kò ṣe àwàdà mọ́. Ó jókòó, ó ní, "Màmá, èyí tí kò dùn yín yìí gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ibi tó ń ta yín ṣì wà láàyè, ó ń ké fún ìrànlọ́wọ́. Ibi tó dákẹ́ yìí, iná ti wọlé jìn débi pé ó jó ohun tó ń jẹ́ kí ara mọ ìrora. Kò ní jinná fúnra rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá sì fi àpá jinná láìsí ìtọ́jú, ó lè fa àwọn ìka yín jọ, ẹ ò sì ní lè di orógùn mú mọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ẹ̀pẹ́ lónìí."

Ó bi wá ohun tí a ti fi sí i. Nígbà tó gbọ́ pé omi lásán ni, ó mi orí. Ó ní a ṣe é re, nítorí ẹyin àti epo ni òun ì bá kọ́kọ́ máa nù kúrò lójú egbò. Ó fi aṣọ mímọ́ bò ó wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní kí ó gbé ọwọ́ náà sókè títí tí wọn yóò fi dé.

Ní etí omi, mo ti ń gbẹ́sẹ̀ wọ ọkọ̀ nígbà tí Ìyá Ràfíátù dá mi dúró.

"Ibo lò ń lọ?"

"Mo ń bá yín lọ ni, Ìyá."

"Múìbátù ló ń bá mi lọ. Ìwọ, padà. Ìrẹsì wà nílẹ̀, ẹja wà nílẹ̀, gbogbo ìlú ń bọ̀. Ìwọ lo ní àwọn àlejò á dúró. Lọ bá wọn."

"Èmi ke? Èmi nìkan?"

"Ṣé n ó wá fi ọwọ́ tó wà nínú aṣọ yìí sè é ni?" Ó jókòó sínú ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lókè bí ẹni tó ń búra. "Ọlọ́run yóò ṣe é pẹ̀lú rẹ. Má sá. Ṣí ọmọrí sí ẹ̀gbẹ́."

Ọkọ̀ lọ. Mo padà sí ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo kó òkúta etí omi yẹn dànù, mo ní kí wọ́n lọ tú ààrò àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé bàbá náà wá, òkúta tí iná ti mọ̀ tipẹ́. Mo tò ó, mo fi ẹsẹ̀ tì í wò, kò mì. Mo gbé ìkòkò kaná. Àwọn ìyá tó gbé ẹyin àti iyọ̀ wá lẹ́ẹ̀kan di ọmọ iṣẹ́ mi: ẹnì kan ń gé àlùbọ́sà, ẹnì kan ń lọ ata lórí ọlọ. Mo ń pariwo, "Ó gbóná o! Ó gbóná ń bọ̀!" títí ohùn mi fi há.

Ìgbà tí a bu oúnjẹ tán, mo lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, mo tẹ́tí. Ariwo ń lọ. Ariwo ń lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́, kò sí ohun tí mo gbọ́ ju dídún àwo lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún ayọ̀. Ọmọ oníwòlímọ̀ ló wá bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú àwo òfìfo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó kù?"

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn ní Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn náà, Ìyá Ràfíátù wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo kúnlẹ̀. Kí n tó sọ pé ẹ kú ìrora, ó ti béèrè: "Ìrẹsì náà jinná?"

"Ó jinná, Ìyá."

"Kò jóná nídìí?"

"Díẹ̀."

"Díẹ̀ náà ni mo fẹ́ gbọ́. Ká ní o ní kò jóná rárá ni, n bá mọ̀ pé irọ́ lò ń pa." Ó sì fi ọwọ́ òsì gbá mi lẹ́yìn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀.

Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá kan ní Èkó nígbà tó yá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bó awọ fẹ́lẹ́ lára itan rẹ̀, tí wọ́n fi bo ẹ̀yìn ọwọ́ náà. Ó pẹ́ kó tó padà. Ìka rẹ̀ ń ká, ó ń nà; ó le díẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n orógùn kò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tó fi awọ yẹn ṣe kò níye. Bí ẹnikẹ́ni bá di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú kí i, á fà á sẹ́yìn, á ní, "Rọra o! Itan mi lo dì mú yẹn." Àwọn obìnrin Ọjà Olúwo á rẹ́rìn-ín títí ẹja á fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ó yí padà ní ìdí ààrò. Kò sí ibi tí a gbé ìkòkò dé mọ́ tí a kì í kọ́kọ́ gbé àmù omi mímọ́ kan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a dé, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mu. Bí iná bá ta sí ọ lára, kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ káàbọ̀ mọ́. Á ní, "Omi!" Á sì dúró tì ọ́ kí o máà sáré padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹyin ti di ti jíjẹ nìkan.

Èmi náà gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀ kò pẹ́ sí ìgbà tí orílẹ̀-èdè gba tirẹ̀, mo sì padà sí Ìkòròdú láti dá dúró. Ọjọ́ tí mo lò níbẹ̀ dùn. Mo se oúnjẹ fún ìgbéyàwó ìyá, mo tún wá se fún ti ọmọ rẹ̀. Mo rí i tí ìkòkò dúdú di ìkòkò alumíníọ́mù tó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ẹ̀rọ ìlọta dé, ọlọ di ìjókòó ọmọdé. Ìdáná kẹrosíìnì dé, lẹ́yìn náà ni gáàsì. Gbogbo wọn ló dín làálàá wa kù, gbogbo wọn ló sì mú iná tiwọn wá. Igi máa ń rú èéfín kó tó jó ọ. Kẹrosíìnì tí wọ́n fi epo mọ́tò lú kì í kìlọ̀. Gáàsì ní tirẹ̀, imú ni yóò sọ fún ọ. Bí o bá gbọ́ òórùn rẹ̀, má ṣáná sí i. Èyí tó burú jù tí mo rí ni ti ọmọ iṣẹ́ mi kan tí iná ìdáná fẹ́ lù lójú. Ojú rẹ̀ kò pọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ há, ó sì ń wúkọ́. Mi ò dúró wo bí ojú náà yóò ti rí lọ́la. Ẹni tó bá fa iná tàbí èéfín símú, inú ọ̀fun rẹ̀ lè wú. Ilé ìwòsàn la gbà lọ, ó sì yè é, ó ti bímọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí máa ń bi mí pé, "Màmá, ìgbà wo wá ni kéèyàn lọ?" Kì í ṣe gbogbo iná ló ń fẹ́ dókítà. Èyí tó kéré tó kàn pọ́n, omi tútù tó ń ṣàn, kó tó bí ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe yìnyín, kí ẹ wá fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má bẹ́ ròrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá wà lójú, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, ní oríkèé tàbí ní abẹ́, ẹ lọ. Bó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jóná lọ, ẹ lọ. Bó bá funfun, tó dúdú, tó gbẹ bí awọ bàtà, tí kò sì dùn ún, ẹ má jókòó yọ̀, ẹ sáré lọ. Ọmọdé àti arúgbó, ẹ má dá wọn wò nílé. Èyí tí ẹ rò pé ó ti ń jinná, bó bá tún ń wú, tó ń ṣọyún, tó ń rùn, tàbí tí ibà gbé e dé, ẹ lọ, kí ẹ sì bi wọ́n nípa abẹ́rẹ́ tẹtánọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n ń gún kí àgbọ̀n má baà dì. Dókítà òde òní lè ní ju èyí láti sọ. Ẹ gbọ́ tirẹ̀ ju tèmi lọ.

Ọdún tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, mo wà nílé ní Ìgbògbò láàárọ̀ kan nígbà tí mo gbọ́ igbe láti yàrá kejì. Àwọn tọkọtaya ọ̀dọ́ kan ló ń gbé níbẹ̀. Ọmọbìnrin wọn, Àdùnní, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ti fa abọ́ ògì gbígbóná sí àyà. Bàbá rẹ̀ ti ṣí ọṣẹ ìfọyín, ó fẹ́ fi kùn ún. Mo gba ọṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bọ́ aṣọ ọmọ, mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ó ń ké, mo ń kọrin fún un. Mo fi aṣọ bo ibi tí kò jóná kí òtútù má baà mú un.

Bàbá ọmọ ní, "Màmá, kò tóbi o. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ yín lọ."

Mo ní, "Àtẹ́lẹwọ́ ta ni? Gbé ọwọ́ ọmọ náà lé e wò."

Ó mú ọwọ́ kékeré yẹn, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà kò bo ìdajì ìdajì rẹ̀. Ó sáré jáde lọ pe kẹ̀kẹ́ láìwọ bàtà.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa nílé ìwòsàn. Àpá rẹ̀ kò le, ẹ ó wá a kí ẹ tó rí i. Àdùnní ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Bó bá dé lọ́sàn-án, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé àwo rẹ̀ wá, torí ó ní oúnjẹ mi dùn ju ti ìyá òun, èmi kò sì ní kó dákẹ́. Ó máa ń jókòó, á gbé ọwọ́ sẹ́yìn, á tẹ ojú mọ́ àwo náà bí adájọ́.

Á ní, "Màmá, ṣé ó ti tutù?"

Èmi á tọ́ ọ wò, màá ní, "Ó ti tutù, ọmọ mi. Jẹun."